Àkàrà Kan Tó Lé

Títí di òní, bí mo bá dín àkàrà nílé mi, ẹyọ kan máa ń wà nínú abọ́ tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọkọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó ti sú u. Àwọn ọmọ ní màmá àwọn ń tọ́jú àkàrà fún àlejò tí kì í dé. Mi ò bá wọn jiyàn. Okokomaiko ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n rán mi lọ láti kọ́ àwọn àgbàlagbà ní iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà. Ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ gbà mí síṣẹ́, wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn aṣáájú àdúgbò ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko bí wọn yóò ṣe máa bójú tó àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ: ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn, oúnjẹ wọn, àti ẹni tó ń kọ́ wọn. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ la máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Okokomaiko. Baálẹ̀ kan wà nínú wọn, ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, tó ti rí ìgbà tí igbó ṣì wà níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà báyìí. Alága àwọn onílé wà níbẹ̀, ìmáàmù kan, pásítọ̀ kan, àti ìyálọ́jà kan tó ń ta ike, láti orí garawa títí dé orí póò ọmọdé. Èmi wá wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn, mo di máákà mẹ́rin mọ́wọ́, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá ti wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi ti parí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí kálukú dìde, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti èso tó fẹ́ràn jù, kó sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan kí ara lè yá gágá. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ fò. Alága onílé náà fò díẹ̀, ó sì di ìbàdí mú. Nígbà tó kan baálẹ̀, wọn ò kúrò lórí àga. Wọ́n wo kóòtù mi, wọ́n ní ọsàn ni àwọn fẹ́ràn, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ìyálọ́jà fi etí gèlè bo ẹnu, èjìká wọn ń mì.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé wa débẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó ń tajà ní Okokomaiko máa ń jókòó sí, ọ̀dọ̀ wọn náà sì ni àwọn ọmọ kéékèèké máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí mọ́tò àti ọ̀kadà ń sáré kọjá níwájú wọn. Ìyálọ́jà alára ní ọmọ-ọmọ kan lọ́dọ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta. Ọ̀já ni wọ́n fi ń so ó ní ìbàdí mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má bàa sá bọ́ sójú títì. Ọmọ náà ti mọ ibi tí ọ̀já náà gùn dé; bó bá dé ibẹ̀, á dúró, á yí padà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà ní yàrá kan tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí. Ó sọ fún wa pé àwọn òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Bí a bá lè sọ iye ọmọ tó wà lágbègbè náà tí wọn kò ní ibì kankan tí wọ́n ń lọ, wọn yóò fún wa ní tíṣà, yàrá náà yóò sì di jẹ́lé-ó-sinmi. Bí a kò bá rí iye sọ, wọn yóò sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí. Mo pín pépà fún àwọn aṣáájú, mo ní kí wọ́n pín àwọn òpópónà tó yí ilé-ìwé ká láàárín ara wọn, kí wọ́n lọ ka àwọn ọmọ lójúlé-lójúlé. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó pépà dé. Alága onílé kọ "Wọ́n pọ̀" sí tirẹ̀. Ìmáàmù kọ "Alihamudulilahi." Baálẹ̀ ní kí ẹnì kan bá àwọn kọ ọ́ pé Ọlọ́run yóò dá wọn sí. Ìyálọ́jà dá tiwọn padà láìkọ nǹkan kan sí i. Wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀rá wé e kó má bàa dọ̀tí.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Èmi tí ìyá mi kì í sọ ju "a dúpẹ́" lọ bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iye ọmọ tí wọ́n bí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ; ta ni kò gbọ́ ọ rí nínú wa? Ṣùgbọ́n mo rò pé kóòtù mi ti borí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fajú ro níwájú àwọn tó bí irú mi lọ́mọ, mo sì sọ ohun tí ojú ṣì ń tì mí láti kọ sílẹ̀: "Ó jọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ò tiẹ̀ ká yín lára rárá."

Baálẹ̀ dìde, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n jáde. Àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti pépà ńlá tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri la jọ kù síbẹ̀, ó sì ku ọjọ́ mẹ́jọ péré kí àwọn òṣìṣẹ́ dé.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ìyálọ́jà níbi ìsọ̀ wọn, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó sórí garawa kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn wà ní ìdí tábìlì pẹ̀lú ọ̀já rẹ̀, ó ń fi ìdérí ike ṣe mọ́tò. Wọn ò bá mi wí rárá. Wọ́n kàn ń to ike tó ti tò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ike náà sọ ọ́.

"Obìnrin kan wá kí wa nígbà tí mo ṣì ń bímọ. Ó na ìka sáwọn ọmọ mi níkọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. Kóṣù yẹn tó parí, àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ti lọ. Ibà ló pa á, mo mọ̀. Mi ò sọ pé ẹnu obìnrin yẹn ni. Ṣùgbọ́n àǹtí, mi ò lè lọ na ìka sọ́mọ ẹlòmíì."

Mo sunkún lórí garawa yẹn, ẹkún ìtìjú àti ti àánú. Ìyálọ́jà fi aṣọ wọn nù mí lójú, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ bẹ Baba Baálẹ̀ ná, ìyókù á ṣeé ṣe.

Àwọn fúnra wọn ló mú mi lọ. Baálẹ̀ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi ni mo mọ ohun tí ìjọba ń fẹ́, àwọn ni wọ́n mọ bí a ṣe ń wọlé onílé, kí n dìde. Mo dìde, mo ní iye ni ìjọba ń fẹ́, iye yẹn gan-an la ò sì lè kà. Ìyálọ́jà wá bi baálẹ̀ bóyá èèwọ̀ ni kéèyàn ka àkàrà. Baba rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Sàráà ni ìyálọ́jà ní lọ́kàn. Bí a bá fẹ́ ṣe sàráà, a ó dín àkàrà, a ó pe àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jọ, ẹyọ kan fún ọmọ kan. Kí a ka àkàrà tó jáde, kí a fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Mo béèrè bí a ṣe máa mọ èyí tó ń lọ sílé-ìwé yàtọ̀ sí èyí tí kì í lọ. Ìyálọ́jà ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú la máa pín in. Ọmọ tó bá ń lọ sílé-ìwé, ṣé kò ní í wà ní kíláàsì ni? Odindi ọdún kan ni mo fi kọ́ nípa ìwádìí ní yunifásítì, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi ní irú èyí.

Lọ́jọ́ náà, alága onílé gbé ẹ̀wà lílọ̀ wá. Ìmáàmù àti pásítọ̀ ti kéde fún ìjọ wọn. Àwọn ìyá ń wọlé sí ẹ̀yìn ìsọ̀ ìyálọ́jà, Yorùbá, Íbò, Ẹ̀gùn, a ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan. Máákà mi wá rí iṣẹ́ ṣe níkẹyìn: ọmọ tó bá ti gba tirẹ̀, mo máa ń kùn ún ní èékánná ìka kékeré, bí àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára ti máa ń ṣe, kó má bàa gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Baálẹ̀ jókòó ti abọ́ àkàrà, wọ́n ń ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú garawa fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀wà tán tí a tún lọ wá òmíràn.

Nígbà tí ọmọ tó gbẹ̀yìn lọ, mo rí àkàrà kan nínú abọ́ ike kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyálọ́jà, wọ́n fi ìdérí bò ó. Mo rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni. Mo nawọ́ láti gbé e padà.

"Fi sílẹ̀," ni ìyálọ́jà wí. "Ó lẹ́ni tó ni ín."

Baálẹ̀ wò wọ́n. Wọ́n mú òkúta kan, wọ́n jù ú sínú garawa mọ́ àwọn tó kù. Èmi ni mo ka òkúta, èmi ni mo kọ iye sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fi ọ̀kan lé, mi ò sì yọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ka pépà wa, ó béèrè pé kí ni àkàrà wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. Baálẹ̀ ní ìyẹn ni àwọn lè kà fún un. Àwọn tó jẹ ẹ́ wà níta, kó yọjú wò wọ́n. Àwọn ìyá ti kó ọmọ kún pápá ilé-ìwé, máákà ṣì wà léèékánná wọn. Ọkùnrin náà dúró lójú fèrèsé fún ìgbà pípẹ́, ó sì padà wá buwọ́ lùwé.

Mo wà níbẹ̀ ní àárọ̀ tí jẹ́lé-ó-sinmi ṣí. Ìyálọ́jà tú ọ̀já kúrò ní ìbàdí ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n ní kó máa bá mi lọ. Ọmọ náà rìn dé ibi tí ọ̀já náà máa ń gùn dé, ó dúró, ó sì yí padà. Ìyá àgbà rẹ̀ ká ọ̀já náà mọ́wọ́, wọ́n ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Kò sóhun tó dè ọ́ mọ́." Ó wo ìbàdí ara rẹ̀, ó sì sáré.

Ọ̀jọ́ àti Ìbà náà dín àkàrà tiwọn lẹ́yìn náà. Baálẹ̀ àti ìyálọ́jà ti lọ sinmi báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ yẹn. N kì í wọ kóòtù mọ́, n kì í sì í sọ pé kí àgbàlagbà fò. Wọ́n rán mi lọ láti kọ́ wọn, àwọn ni wọ́n sọ mí di èèyàn, ojoojúmọ́ ni mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi tún bi mí ta ló ni àkàrà tó wà nínú abọ́. Mo sọ fún un pé ti ọmọkùnrin kan ni, tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi Okokomaiko, tí kò kàn rí ààyè wá.