Ìdajì Ife fún Bàbá Mi

Bàbá mi, Olúbọ̀wálé, ti ń gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà kí wọ́n tó bí mi. Kò sí ẹrù tí wọ́n ní kó bá àwọn gbé tó kọ̀ rí. Kò lè sọ pé rárá fún ènìyàn. Èmi Àjọkẹ́ ni mo jogún ìwà yìí, mo sì fi ìtìjú tèmi kún un.

Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, jáde ló ra bílẹ́ńdà sí yàrá wa ní Mafoluku. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, pé iyọ̀ kan wà nínú èso, potáṣíọ̀mù, tí kò lè sẹ́ jáde mọ́. Bó bá pọ̀ jù lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dúró. Kó má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kó má mu ọsàn tàbí omi àgbọn. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ápù tí a bó kò burú, ṣùgbọ́n ìdajì ife péré ni lójúmọ́.

Èmi ni mò ń lọ̀ ọ́. Màá gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó wẹ́wẹ́, màá fi ìdajì ápù sí i, àti ṣíbí omi tútù mẹ́ta, láìsí mílíìkì. Mò ń wọ̀n ọ́n bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ máàkì sáyẹ́ǹsì mi kò ṣeé fi han ènìyàn.

Àwọn tó ń wá kí i ni ìṣòro wa. Nílé wa, a kì í mú ọwọ́ òfìfo wọ yàrá aláìsàn, aláìsàn náà sì gbọ́dọ̀ tọ́ ohun tí wọ́n gbé wá wò lójú wọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Ìyá Mùktárù, ará Ìsẹ́yìn tó ń gbé yàrá kejì, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wọlé. Ó yọjú sínú bílẹ́ńdà mi.

"Omi lásán nìyí. Báyìí lẹ ṣe ń bọ́ ọkùnrin?"

Ó ti bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta sí i kí n tó mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti kọ ohun tí màá sọ sínú ìwé: "Ẹ ṣeun mà, ṣùgbọ́n dókítà ní kí wọ́n má jẹ ẹ́." Mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣeun mà." Mo sì tẹ bílẹ́ńdà.

Ó bu ife kan kún fún bàbá mi. Bàbá mi wò mí, ó gbé ife náà sókè. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mu ún tán lórí ìdúró.

"Àjọkẹ́, ṣé ìwọ ni ara rẹ ò yá ni?"

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí, mà."

Ó bu èyí tó kù fún bàbá mi. Mo gba ìyẹn náà mu.

"Bàbá Àjọkẹ́, ọ̀kánjúà lẹ bí yìí o."

Ojú ti bàbá mi nítorí mi. "Rárá, Ìyá Mùktárù. Ẹ má bínú. Dókítà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè pa mí. Ọmọ náà ò lè sọ ọ́ fún yín ni, èmi náà ò sì lè sọ ọ́."

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé e wá? Ẹ sì ń jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀ ń wò mí lẹ́nu ni."

Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀yin wèrè yìí, ẹ fẹ́ kí n pààyàn." Ó jókòó, ó mú ọ̀bẹ. "Ìwọ, èwo ni bàbá rẹ lè jẹ?"

Mo sọ fún un, mo ń gùfẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Ó ṣan bílẹ́ńdà, ó lọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ápù, bàbá mi sì mu ìdajì ife. Nígbà tí àlejò mìíràn kanlẹ̀kùn pẹ̀lú ọsàn, òun ló dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka èso tí kò gbọ́dọ̀ wọlé fún un. Èmi wà lórí ẹní, mo di ikùn mú. N kò lè dìde kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.