Gèlè Mọ̀mí Bo Kéèkì Mọ́lẹ̀ Lórí Fóònù

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé o. JSS 2 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ojú sì máa ń tì mí láàárín èèyàn. Àmọ́ ohun tójú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù kéèkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Durumi, ní Àbújá, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ fún yín.

Ọ̀gá mi, Mọ̀mí la máa ń pè wọ́n, ní kí Túndé, àbúrò ọkọ wọn, ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí èèyàn á ti máa ra kéèkì. Ọjọ́ tó parí, pásítọ̀ wá gbàdúrà sí kọ̀ǹpútà ńlá inú ọ́fíìsì. Wọ́n tiẹ̀ ta òróró sí i lórí!

Lórí kọ̀ǹpútà náà, wẹ́ẹ̀bùsáìtì yẹn rẹwà lóòótọ́. Fọ́tò Mọ̀mí pẹ̀lú gèlè ló ṣíwájú, orúkọ wọn tẹ̀ lé e: Olóyè Díákónẹ́ẹ̀sì Ìyáàfin Bọ́láńlé, JP, Ìyá Ìjọ. Kéèkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àmọ́ ta ló ń gbé kọ̀ǹpútà ńlá kiri Àbújá? Lórí fóònù, gèlè nìkan ló gba ojú rẹ̀ tán! Oyè wọn sì gùn débi pé ó ti bọ́tìnì tí wọ́n fi ń rajà jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò rà. Mọ̀mí ní èmi ni mi ò túra ká sí oníbàárà. Wọ́n ní bí ọjà ò bá tà kí oṣù tó parí, kí n jókòó sílé ní Jikwoyi. Èmi tí àwọn àbúrò mi ń tọwọ́ mi jẹun!

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, arábìnrin kan dé láti Jabi, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

"Kai! Àtàárọ̀ ni mo ti ń fìka fa gèlè Mọ̀mí yín, n ò tíì dé ibi kéèkì!"

Túndé wà níbẹ̀. Ó ní òun lè tún un ṣe kó bá fóònù gbogbo mu, àmọ́ oyè gbọ́dọ̀ dín kù.

Mọ̀mí wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo fi mí joyè ni, tó o fẹ́ gbà á?"

Túndé dọ̀bálẹ̀. Kí ni ì bá ṣe? Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n tún ní kó fi oyè Màmá Rere kún un!

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí oníṣòwò fi fóònù kékeré wo wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀ kó tó pe pásítọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti rí tó fi ara rẹ̀ dínà ọjà ara rẹ̀? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kí n má dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Ẹ dúró o, ó ku díẹ̀: ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó dé, mo kúnlẹ̀ kí Mọ̀mí. Mo rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹni ńlá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni? Ẹ jẹ́ kí kéèkì máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò, kí ẹ̀yin àti oyè yín wà ní pálọ̀."

Wọ́n gbé fóònù, wọ́n pè é.

"Túndé! Ta ló ní kó o gbé mi síta bíi máígádì?"