Bàbá Mi Alágbẹ̀dẹ Ká Mi Mọ́ Ìdí Ọ̀bẹ Àjèjì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ bàbá mi da orí mi rú lónìí.

Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ní Manigri. Gbogbo ọ̀bẹ tí mo ti ń lò, ọwọ́ wọn ló ti jáde. Ṣùgbọ́n àkọ̀ ọ̀bẹ máa ń gún mi nítan tí mo bá lóṣòó nídìí ebè iṣu. Ni mo bá yọ́ lọ sọ́jà Bassila láti ra irú èyí tó ń ká wọ inú èèkù ara rẹ̀.

Oníṣòwò kan tó ti etí òkun wá kó méjì síwájú mi: ńlá eléèkù igi, kékeré eléèkù ìwo. Mo ṣì ń yẹ̀ wọ́n wò nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Kékeré yẹn ni kí o mú."

Bàbá mi! Àṣé wọ́n wá ra irin lọ́jà.

Wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n gbé e sétí.

"Irin tó tì í lẹ́yìn le dáadáa. Ti ńlá yẹn ti rọ̀, yóò pa dé, yóò gé ọ níka."

Mo rà á.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ta ló ń bínú?"

Nígbà tí a délé, wọ́n gba ọ̀bẹ náà, wọ́n fi í sápò ara wọn. Wọ́n tú ọ̀bẹ tí wọ́n ti ń so mọ́ ìbàdí kí n tó dáyé, wọ́n nà án sí mi.

"Tìrẹ nìyí."

Wọ́n bá wọlé lọ.

Ṣé ìyà ni wọ́n fi jẹ mí, àbí ẹ̀bùn ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?