Àmín Tí A Ṣe Kí Wọ́n Tó La Inú Mi

Òórùn ọṣẹ ìfọwọ́ ilé ìwòsàn ni mo fi ń rántí ọdún náà. South Thamesmead, ní London, là ń gbé. Mò ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìju, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní fáíbrọ́ìdì, ni wọ́n fẹ́ yọ fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, dókítà obìnrin kan gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i. Ó ní bí àwọn bá la inú mi, tí àwọn sì bá ohun tí àwọn ò retí, ṣé kí àwọn yọ ọ́ pọ̀ mọ́ ìju náà? Ìbéèrè ló bi mí. Èpè ni mo gbọ́. Nínú ìjọ wa, a kì í jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ balẹ̀.

"No, doctor," ni mo wí. "Nothing else, in Jesus' name."

"Amen," ni ọkọ mi dáhùn, pẹ̀lú gbogbo agbára.

Dókítà tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú gan-an. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ń ṣàlàyé ìwé fún àwọn arúgbó lójoojúmọ́ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà náà wá jókòó tì mí. Ó ní ìju ti kúrò, ṣùgbọ́n àwọn rí kókó kan lára ìfun mi, ó tó kóró àgbálùmọ̀. Àwọn ò fọwọ́ kàn án nítorí mo ti kọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Bí ojú egbò bá jinná, wọ́n á tún inú mi là.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, inú ló bá lọ. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dúró. Ẹ̀rù ikú bà mí. Mo máa ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Harrow Manorway, màá di inú mi mú, àwọn èèyàn á rò pé mo lóyún, wọ́n á dìde fún mi. Bí mo bá ń di irun ọmọ mi, màá máa rò ó pé ta ni yóò máa dì í fún un.

"Mummy, èmi ni mo ṣe àmín yẹn," ni ọkọ mi wí lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun.

"Èmi náà ni mo gbàdúrà ẹ̀," ni mo dá a lóhùn. A rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n bi mí. Mo jẹ́ kí dókítà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Anything you see, please take it," ni mo wí. Ọkọ mi wojú mi kó tó fi ohùn kékeré ṣe àmín. Wọ́n yọ kókó náà; nígbà tí èsì dé, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Mo ṣì ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè tán. Ọmọ mi ti ń di irun ara rẹ̀ báyìí. Ó máa ń bi mí ìdí tí mo fi ń jókòó tì í, tí mo ń wò ó títí yóò fi dì í tán.