Ọjọ́ Tí Ẹ̀pẹ́ Yẹ̀ Fún Mi Lọ́nà

Ẹ sún mọ́ ibí kí n ròyìn ohun tójú mi rí láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ìlú kan náà ni gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Bàbá ìyàwó mi, Àlájì Ṣúàíbù, ló wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rí. Ikọ́ fée ti ń bá bàbá náà fínra láti kékeré, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ni ilé rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ti ń bá a bẹ àìsàn náà.

Tiwa ńkọ́? Inú ẹ́sítéètì là ń gbé ní Ìkòròdú. Ẹ́sítéètì wa ní géètì ńlá aláwọ̀ góòlù, ó ní alága, ó ní akọ̀wé, ó ní òfin nípa irú aṣọ tí èèyàn lè sá síta. Ohun tí kò ní ni títì. Nígbà tí a kọ́ ilé wa, oko ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìn fèrèsé. Báyìí, ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó sì sún mọ́ wa débi pé bí aládùúgbò bá ń fọ eyín, a máa ń mọ ìgbà tó fẹ́ tutọ́. Bí iná bá lọ, olúkúlùkù á tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbà kí òun àti aládùúgbò jọ lo ẹyọ kan, wọ́n á ní kò rí jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí bàbá dé, ó gbé àga síwájú ilé, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Wọ́n ń kọjá lọ láìdá a lóhùn, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé gíláàsì mọ́tò rẹ̀ sókè. Bàbá bi mí pé, "Káyọ̀dé, kí ni mo ṣe fún wọn?"

Mo ní wọn ò bínú, iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ.

Ó ní, "Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, iná lọ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé ẹ̀yìn dá orin, ti ẹ̀gbẹ́ gbè é. Kí Múlíkátù ìyàwó mi tó sáré ti fèrèsé, èéfín ti kún yàrá bàbá. Bàbá fọ́n oògùn tó máa ń fọ́n sẹ́nu. Ó tún fọ́n ọn. Àyà rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ètè rẹ̀ ti ń yí àwọ̀.

Ọsibítù tí a kọ́kọ́ sáré gbé e lọ, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé pa dé nítorí èrò. Àwọn aláìsàn jókòó lórí bẹ́ńṣì, àwọn kan jókòó sílẹ̀, wọ́n so omi tí wọ́n ń fà sí ẹnì kan lára kọ́ ìṣó fèrèsé. Nọ́ọ̀sì kan fún bàbá lábẹ́rẹ́ lórí ìdúró. Ó ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ tó ń fún èèyàn ní afẹ́fẹ́ sì ti wà lójú ẹlòmíràn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní parọ́ fún yín. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ dúró, ẹ ó dúró ni."

Ó bi wá níbo ni káàdì bàbá wà. Múlíkátù ní Ẹ̀pẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì náà pe ẹnì kan tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Ẹ̀pẹ́, ẹni yẹn ní kí a máa gbé bàbá bọ̀, bẹ́ẹ̀dì wà, afẹ́fẹ́ wà. Ó wá kọjú sí mi, ó ní abẹ́rẹ́ yẹn yóò ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kí n má fi ṣeré.

Ṣé ẹ rí i, láàárọ̀, gbogbo Ìkòròdú ló máa ń kọjú sí Èkó. Àwa wá ń gbé bàbá tí kò lè mí lọ sí òdìkejì, láàárín gbogbo wọn.

Bàbá kò lè dùbúlẹ̀, nítorí bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí tó kù ń sá lọ ni. A gbé e jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Òtútù ń mú un, ni Múlíkátù bá fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun tí a mú kúrò nílé wé e látọrùn dé ẹsẹ̀, ó fi èjìká gbé orí rẹ̀ ró, ó ń sunkún láìpariwo. Ẹ fi ọkàn sí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yẹn o.

Mo tan iná iwájú. Mo tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú. Mo gbé ọwọ́ lé fèrè mọ́tò, mi ò gbé e kúrò.

Ta ló wò mí? Ní Ìkòròdú, ta ni kì í tan iná? Ẹni tó gbé olóyè tan iná, ẹni tó gbé pásítọ̀ tan iná, ẹni tó ń kó búrẹ́dì lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà tan iná. Gbogbo wa la jẹ́ ẹni ńlá, ta ni yóò wá yẹ̀ fún ta ni? Ní ìtòsí ibùdókọ̀ Benson, ọkùnrin kan nínú jíìpù sọ gíláàsì kalẹ̀, ó fara balẹ̀ wò mí, ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan lò ń kánjú ni?"

Mo ní aláìsàn ni mo gbé.

Ó ní, "Èmi náà, ara mi ò yá." Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sókè.

Mo gba ọ̀nà òdìkejì, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn tó ń bọ̀ ń gbà. Mo bá àwọn mìíràn níbẹ̀ tí àwọn náà ń rú òfin bíi tèmi, wọ́n tò gbọọrọ, oníkálukú tan iná. Àwọn tó wà lọ́nà ẹ̀tọ́ ló kù tí wọ́n ń wò bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ èémí bàbá, ó ń súfèé bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn. Bó ti ń súfèé, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Bó bá dákẹ́, mo ń wo dígí.

A kọjá Ọ̀dọ̀gúnyàn, a kọjá Ìmọta, ọ̀nà wá ṣí. Láti Ìtóìkín, bóòdù ilẹ̀ títà ló ń kí wa káàbọ̀: ọgbà tibí, ìlú ọ̀la tọ̀hún, paradísè tó wà lẹ́bàá omi. Géètì ti dúró sínú igbó, ilé ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá rọra máa wò wọ́n, nítorí èmi náà ti ń wá ilẹ̀ tí mo lè sá lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà nìkan ni mò ń wò.

Nígbà tí a wọ Ẹ̀pẹ́, súfèé bàbá ti fẹ́lẹ́. Agbára abẹ́rẹ́ ti ń tán. Ibẹ̀ gan-an la ti bá mọ́tò méjì tó dúró sáàárín ọ̀nà, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀, àwọn awakọ̀ méjèèjì gbé apá lé fèrèsé, wọ́n ń kíra.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ìdáyátù ńkọ́? Ẹsẹ̀ yẹn ti san?"

"Ó ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá yín ńkọ́?"

Àwọn mọ́tò tò sẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tó fọn fèrè. Wọ́n ń dúró kí ìyá náà yá kí àwọn tó lọ. Mo fọn tèmi. Ojú gbogbo ọ̀nà yí sí mi. Mo gbọ́ tí ọlọ́kadà kan ń sọ fún èrò rẹ̀ pé, "Ìkòròdú nìyẹn."

Múlíkátù ní, "Dádì Àyọ̀, ẹ pa iná tó ń ṣẹ́jú yẹn. Níbí, òkú nìkan ni wọ́n fi ń gbé báyẹn."

Kí n tó nawọ́ sí i, bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí ti dìde, ó gbé kẹ́tùrù omi àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi láti wá bá mi wí. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú mọ́tò. Ó rí aṣọ funfun. Ó rí Múlíkátù tó ń sunkún. Ó rí ojú tó wà lábẹ́ fìlà, ojú náà sì pa dé. Ó ṣí fìlà tirẹ̀.

"Ìnnálílláhì. Ṣé Àlájì Ṣúàíbù kọ́ nìyí?"

Mo la ẹnu láti sọ pé rárá, ó wà láàyè, ara rẹ̀ kò yá ni. Ṣùgbọ́n mo mọ Ẹ̀pẹ́. Bí mo bá ní aláìsàn ni, wọn ò ní jẹ́ kí n kọjá láìkí i. Wọ́n á bèèrè irú àìsàn tó jẹ́, ọ̀kan á mọ àgbo rẹ̀, lémọ́ọ̀mù á jáde wá ṣàdúà, gbogbo rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Bí mo ti ń rò ó, mo mọ̀ ọ́n lára tí orúnkún kan ti ẹ̀yìn àga mi. Bàbá kò la ojú. Ó kàn fi èémí tó kù sọ ọ̀rọ̀ kan péré pé, "Dákẹ́."

Mo dákẹ́.

Bàbá àgbàlagbà náà yíjú sí ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè. Mọ́tò méjèèjì tó ń kíra pín yà. Àwọn ọlọ́kadà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Obìnrin kan tó gbé ẹja lérí dúró, ó di igbá rẹ̀ mú. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń wa mọ́tò, èmi ò rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbà á kọjá bí ọba, ojú sì ń tì mí bí olè.

Múlíkátù ní, "Ẹ ti jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu pa bàbá mi lójú mi. Màmá mi ńkọ́? Kí a tó dé ọsibítù, ọ̀rọ̀ yìí á ti délé." Ó ń pe nọ́mbà màmá rẹ̀. Nọ́mbà náà ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ó tún pè. Ó ṣì ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìròyìn ti bọ́ síwájú wa.

Ó tilẹ̀ ti dé ọsibítù. Bí a ti dé ẹnu géètì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ ṣí fìlà, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ní ibẹ̀ là ń gbé wọn gbà.

Mo ní, "Kì í ṣe òkú. Ẹ ṣí iwájú."

Ó fi ojú àánú wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara dà á. Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní ó wà láàyè."

"Ọlọ́run ló ni wá. Ẹ̀yìn lẹ máa gbà."

Ẹ wò mí. Irọ́ tó ṣí ọ̀nà fún mi ló wá ti géètì mọ́ mi. Mo dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ tèmi, mo wá ń pariwo níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbà mí gbọ́. Súfèé ẹ̀yìn mi sì ti dá. Mo wo dígí, mi ò rí nǹkan kan tó mì. Múlíkátù ń pe, "Bàbá. Bàbá mi."

Ni a bá gbọ́ kò, kò, kò. Òrùka fàdákà ọwọ́ bàbá ni, ó ń lu gíláàsì. Ọ̀gbẹ́ni onígéètì fò sẹ́yìn, ó rántí Ọlọ́run lédè Lárúbáwá àti Yorùbá, lẹ́yìn náà ló ṣí iwájú. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní gbàgbé: ó sáré níwájú mọ́tò, ó ń ké sí àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n gbé afẹ́fẹ́ wá.

Wọ́n gbé e fún bàbá. Dókítà ní ká ní a tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀nà ẹ̀yìn la ì bá gbà lóòótọ́.

Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa kí màmá tó wọlé. Àwọn obìnrin mélòó kan tẹ̀ lé e, Ràṣídì àbúrò bàbá náà wà níbẹ̀, ó gbé náílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo bàbá, ó wo ike tó wà nímú rẹ̀, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àlájì, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

Bàbá gbé ike náà kúrò nímú. "Ràṣídì, kí ló wà nínú náílọ́ọ̀nù yẹn?"

Ràṣídì gbé e pamọ́ sẹ́yìn. Bàbá ní kí wọ́n gbé e wá. Wọ́n tú aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ fi sin ín sílẹ̀, ó fi ìka wò ó. Ó ní, "Ó fẹ́lẹ́. Bí ọjọ́ mi bá pé, ẹ má ra irú èyí fún mi." Nọ́ọ̀sì dá ike padà sí i nímú.

Màmá rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó wá kọjú sí mi. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kó tó la ẹnu.

"Káyọ̀dé, ìwọ lo gbé e wá, ìwọ náà lo pa á fún mi. Kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ni, àbí kí n kọ́kọ́ bínú? Kí ló dé tó ò sọ fún wọn pé ara rẹ̀ ò yá?"

Láti inú ike ni bàbá ti dá a lóhùn: "Wọn ì bá kí mi pa."

Nígbà tí mo padà sí Ìkòròdú, mo bá mọ́tò tó gbé òkú ní tòótọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ó ń han, ó tan gbogbo iná tó ní, kò sì sí ẹni tó wò ó. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi yọ orí síta, ó ní, "Ṣé ẹ ti kú síbẹ̀ ni?"

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ará Ẹ̀pẹ́ kò dára jù wá lọ, wọ́n kàn ṣì mọ orúkọ ara wọn ni. Àwa pọ̀ ju ọ̀nà wa lọ, a pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì wa lọ, a sì ti pọ̀ ju ẹni tí ojú lè dá mọ̀ lọ. Àwọn bóòdù Ìtóìkín yẹn, àwa ni wọ́n ń pè. Bí a bá kó dé Ẹ̀pẹ́ tán, ṣé wọ́n á kọ́ wa ní kíkí ni, àbí a ó kọ́ wọn ní fèrè? Bàbá ní òun yóò bá mi wá ilẹ̀ nítòsí ilé òun, bí mo bá lè fi fèrè mi sílẹ̀ ní Ìtóìkín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gbé aláìsàn gba àárín ìlú kọjá rí, kí lẹ sì ṣe tí wọ́n fi yẹ̀ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ṣì ń pe ilé láti bá wa kẹ́dùn, a dúpẹ́ púpọ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù bó bá jẹ́ bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù.