Ìpara Fítámì A Tí Ìyá Mi Fi Sójú

Nígbà tí mo kó lọ sí Olódò, irorẹ́ bo ojú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta nǹkan ìṣaralóge fún mi ní ìpara kan tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínọ́ọ̀lù. Ó ní fítámì A ni, kí n máa fi ìwọ̀nba pa ojú kí n tó sùn, kí n má sì jẹ́ kí oòrùn máa pa mí. Ó bá mi lára mu.

Àsìkò yẹn ni ìyá mi wá kí mi láti Akanran. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ráhùn pé ojú àwọn ń ṣe bàìbàì. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé ká lọ rí dókítà ojú. Wọ́n á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, in ṣáà Allah. Ọ̀sẹ̀ náà kò dé.

Wọ́n bá mi níwájú dígí.

“Kí lò ń fi para yẹn?”

“Ìpara ojú ni, Màmá. Fítámì A ló wà nínú ẹ̀.”

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí ni mò ń wí. Èyí tí a fi ń ríran ni wọ́n gbọ́. Wọ́n sì mọ fítámì A, nítorí òun ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kán sẹ́nu àwọn ọmọ-ọmọ wọn, tí wọ́n á ní ó dára fún ojú. Wọn ò bi mí ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n mú ìpara náà dání. Mo wá a títí, mo rò pé eku ló gbé e.

Ní ọjọ́ kẹrin, àbúrò mi pè mí pé ojú Màmá ti wú. Mo sáré lọ. Ìpéǹpéjú wọn pọ́n, ó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

“Màmá, kí lẹ fi sójú?”

“Ìpara ẹ ni. Mò ń fi kùn ún láàárọ̀ kí n tó lọ sóko.”

“Nínú oòrùn? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí?”

“Mo bi ọ́. O ní ìpara ojú ni.”

Mo gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn ní kí wọ́n má fi kan ojú mọ́. Ó ṣàlàyé pé awọ ara ni ìpara náà wà fún, pé ti ojú tí a fi ń ríran, inú oúnjẹ ni a ti ń rí i: ẹ̀dọ̀, ẹyin, epo pupa.

“Ṣé fítámì A kọ́ ni méjèèjì?” Màmá bi í.

“Òun ni, Mà, àmọ́...”

Wọn ò jẹ́ kó parí. Wọ́n wò mí bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Nọ́ọ̀sì wá tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. Ó ní nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú méjèèjì, pé kò sí fítámì tó lè mú un kúrò, iṣẹ́ abẹ ni. Bí a ṣe jáde, Màmá ní ká yà lọ ra ẹ̀dọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, títí mo fi ní kí wọ́n dín in kù, pé àpọ̀jù rẹ̀ náà kò dára. Wọ́n ní mo fẹ́ fi ẹran du àwọn.

Lọ́jọ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Akanran, mo rí Màmá tí wọ́n ń bọ̀ wá pàdé mi. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n di obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí mú, wọ́n ń ki oríkì mi fún un. Obìnrin náà rọra yọwọ́. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n dúró, wọn ò yíjú padà.

“Ìgbà wo la ó lọ?” ni wọ́n bi mí.

Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ ojú kan, wọ́n sì ṣe èkejì lẹ́yìn rẹ̀. Màmá ń ríran báyìí. Dókítà ní kí wọ́n máa lo awò dúdú títí ojú yóò fi san. Àbúrò mi pè mí pé wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yọ awò náà sórí itan, kí wọ́n lè rí ẹni tó ń kọjá. Mo ní kó fún wọn ní fóònù.

“Màmá, awò yẹn ńkọ́?”

“Mo lò ó láàárọ̀,” ni wọ́n wí.