Ọ̀wẹ̀ Àna Lórí Ẹ́ńjìnnì

Bàbá ìyàwó mi kò ní oko. Ohun tó kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà nìyẹn. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ní Ọ̀wọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀. Yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn yóò lọ ro oko tàbí kí wọ́n kọ ebè fún bàbá ọmọ, àwọn ará ilé ọmọ yóò sì gbé iyán wá fún wọn. Ibi iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ọmọkùnrin náà ṣe é fún lọ́mọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì kọ ebè ní Idasen títí ẹ̀yìn wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́, wọ́n sì rí ìyàwó fẹ́. Èmi ní tèmi bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé ìjọba. Yàtọ̀ sí òdòdó tó gbìn síwájú ilé, n kò rí ohun tí mo lè ro níbẹ̀.

Mo lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi àti ẹgbẹ́ mi fẹ́ wá ṣe ọ̀wẹ̀. Ó wo èékánná mi. Mẹkáníìkì ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà, kò sì sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ̀rá ẹ́ńjìnnì kúrò lábẹ́ èékánná mi nígbà yẹn. Mo ti ń rò pé ẹ̀sìn ni yóò dá wa dúró, nítorí ìmàle lèmi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni wọ́n. Àṣé èékánná ni.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ náà ni kí o fi ṣe ọ̀wẹ̀," ó wí. "Oko mi nìyẹn." Ó nàka sí abẹ́ igi máńgòrò.

Mọ́tò ni. Ó kéré, ó pupa, ẹni méjì péré ló ń gbà, irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sísá. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ni Bàbá ti rà á. Lọ́wọ́ òyìnbó, gbogbo Ọ̀wọ̀ ló mọ̀ pé mọ́tò náà ń fò. Lọ́wọ́ Bàbá, bó bá ti ń gun òkè, inú ẹ́ńjìnnì a máa dún kókókó bí ìgbà tí èèyàn da ìṣó sínú agolo tó ń mì ín. Bàbá ní bí mo bá lè mú ariwo náà kúrò, tí mọ́tò gun òkè ọ̀nà Elegbeka láìdún, kí n wá bá òun sọ̀rọ̀ ọmọ. Bí n kò bá lè mú un kúrò, kí n má wulẹ̀ yọjú mọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé akọ̀wé kì í pa ohun tó bá ti kọ sílẹ̀ rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo kó ẹgbẹ́ mi mẹ́rin lọ, mẹkáníìkì ni gbogbo wọn. Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àyà. A pín mọ́tò náà láàárín ara wa bí ẹni pín ebè. Ẹnì kan mú púlọ́ọ̀gì. Ẹnì kan mú kábúrẹ́tọ̀ méjèèjì, ó dín epo tó ń wọlé kù kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀. Ẹnì kẹta, tó wà nídìí iná, sún àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná síwájú, ó ní mọ́tò eré kò gbọdọ̀ máa fi nǹkan falẹ̀. Ẹnì kẹrin ń yí gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá ṣáà ti rí. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì léèrè ohun tó ń ṣe. Èmi olóko ń rìn kiri, mo ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́.

"Uṣẹ́ ti parí!" ni ẹnì kẹrin fi ohùn Ọ̀wọ̀ pariwo, ó ń fi ọwọ́ wa tó pọ̀ yangàn. "Ọghọ́ pọ̀, uṣẹ́ yá!"

Ọmọ tí mò ń fẹ́ gbé iyán jáde. Tíṣà ni, ojú rẹ̀ sì máa ń rí àṣìṣe kó tó rí ohunkóhun mìíràn. Ó wò wá, ó wo mọ́tò. "Orí márùn-ún, ẹ́ńjìnnì kan," ó wí. "Ta ló mọ ohun tí ẹnìkejì yí?" A rẹ́rìn-ín, a sì bu òkèlè.

Bàbá wọlé sínú mọ́tò tòun ti táì lọ́rùn. Kò tilẹ̀ dé ibi òkè ọ̀nà Elegbeka. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú ló ti gbọ́ ariwo tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín dúdú, ó kú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló bá a tì í délé, wọ́n ń kọrin. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ iyán ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìtìjú bá mi débi pé n kò lè gbójú sókè.

"Tó bá jẹ́ oko ni," Bàbá wí, "ẹ ò bá ti ro iṣu mọ́ koríko. Sátidé tó ń bọ̀. Ìwọ nìkan."

Ọmọ rẹ̀ ló gbà mí. Ó yọ ìwé mọ́tò náà nínú àpótí bàbá rẹ̀, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde, ó jókòó lórí táyà, ó ń ka òyìnbó rẹ̀ fún mi ní Yorùbá. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé epo bẹntiróòlù ní nọ́ńbà. Èrò tèmi ni pé nọ́ńbà ń sọ bí epo ṣe le tó, bí ọtí líle. Irọ́ ni. Sùúrù epo ni nọ́ńbà ń sọ. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò eré a máa tẹ epo àti afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Epo tí nọ́ńbà rẹ̀ ga lè fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà, yóò dúró de iná. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré á gbiná fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pè é, ìjà òun àti iná púlọ́ọ̀gì lẹ ń gbọ́ tó ń dún kókókó. Sùúrù ni baba ìwà, títí kan epo.

Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Òyìnbó ń gbé epo tirẹ̀ wá láti Èkó nínú dúrọ́ọ̀mù. Ibi tí lọ́rí ti ń mu epo ni Bàbá ti ń rà, ẹ́ńjìnnì lọ́rí kì í sì í tẹ epo tó bẹ́ẹ̀. Mo tú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ mi ṣe, mo dá a padà bí ìwé ṣe wí. Lẹ́yìn náà mo fa àkókò iná sẹ́yìn díẹ̀ nítorí epo tiwa tí kò ní sùúrù, mo wa mọ́tò lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo tẹ́tí, mo padà wá fà á sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ariwo lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n díẹ̀ lára eré náà bá a lọ. Bàbá kò ra mọ́tò eré kó lè máa rọra rìn.

"Sọ fún un," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Òótọ́ kì í bí bàbá mi nínú. Ohun tí wọ́n bá fi pa mọ́ fún un ló ń bí i nínú."

Nígbà tí Sátidé pé, mo sọ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, lórí ìdọ̀bálẹ̀, pé ariwo lọ, eré náà sì dín. Ó ní kí n wọlé. A dé òkè ọ̀nà Elegbeka, a gùn ún, ẹ́ńjìnnì kò sì dún rárá. Ìdajì òkè ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá kan, ti oníṣòwò kòkó kan, ti yọ lẹ́yìn wa, ó fọn fèrè, ó sì kọjá lára wa. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ juwọ́ sí wa bí ẹni ń kí aláìsàn. Bàbá dúró sórí òkè, ó pa iná mọ́tò.

"Wọ́n yà wá sílẹ̀," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọn kì í ya òyìnbó sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lé eré òyìnbó pẹ̀lú epo tiwa, ẹ́ńjìnnì á fọ́. Bó ṣe wà yìí, bó bá jẹ́ èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ yín á gùn ún."

Ó yíjú sí mi. "Ọmọ-ọmọ mi?" Ó wo èékánná mi lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, o kò tíì tọrọ ìyá wọn, o ti kó wọn sínú mọ́tò mi!"

Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó ní kí n bọ́ sídìí ọkọ̀. "Wà á lọ ulé," ó wí. "Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, n kò jókòó sínú mọ́tò kan rí kí n má tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo wa mọ́tò yẹn láti orí òkè dé Ọ̀wọ̀, bí ẹ bá pa mí, n kò lè sọ bó ṣe dún.